Ọ̀nà Mẹ́ta Tí Ewé Ń Gbà Se Oúnjẹ

Ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ kíláàsì, àwọn obìnrin tí ń ta waakye á ti gbé ìkòkò wọn kalẹ̀ ní Ayigya, àdúgbò tí ó fara ti ọgbà Yunifásítì Kwame Nkrumah ní ìlú Kùmásí. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni waakye. Bí àwa náà ti ń sè wọ́n pọ̀ ní ilé ni wọ́n ń sè é, ṣùgbọ́n àwọn ará Gánà a máa fi ewé ọkà bàbà gbígbẹ sínú omi rẹ̀, èyí tí ó ń sọ oúnjẹ náà di pupa rúsúrúsú. Ẹni tí ebi ń pa yóò jẹun, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá jẹ́ olùkọ́, ó yẹ kí ó dúró díẹ̀ kí ó wo inú ìkòkò náà dáadáa, nítorí pé ìdílé ewéko méjì ni ó pàdé níbẹ̀. Ọ̀nà kan ni ìrẹsì àti ẹ̀wà ń gbà fi afẹ́fẹ́ àti oòrùn se oúnjẹ tiwọn. Ọ̀nà mìíràn ni ọkà bàbà ń gbà. Bí ó bá sì ra ẹ̀là ọ̀pẹ̀-òyìnbó kan lé e lórí, ó ti fojú kan ẹ̀kẹta. Àwọn àgbà ti wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ilẹ̀ Gánà kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí àwa Yorùbá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò àti Ṣakí ni ó ṣòwò níbẹ̀ títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Aṣọ àti owó ni àwọn èrò ìgbà náà ń gbé bọ̀ wá ilé. Ohun tí mo fẹ́ kí a gbé bọ̀ láti Kùmásí lónìí ni ẹ̀kọ́ lórí ewé, nítorí pé nínú ẹ̀kọ́ náà ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ wa ní ọ̀la wà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ewé tútù ni ilé ìdáná gbogbo ayé. Omi tí gbòǹgbò fà láti inú ilẹ̀, àti afẹ́fẹ́ kábọ́nì tí ó gba ihò wínníwínní ara ewé wọlé, ni èlò tí a fi ń se oúnjẹ náà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni iná. Ṣúgà ni ó ń jáde láti inú ìkòkò. Iṣẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní fọtosíńtẹ́sísì. Iṣu tí a gún, ẹ̀kọ tí a mu, ẹran tí ó ti jẹ koríko kí àwa tó jẹ ẹ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ti inú ilé ìdáná yìí wá.

Nínú ilé ìdáná náà, òṣìṣẹ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rubisco. Òun ni ó ń di afẹ́fẹ́ kábọ́nì mú, tí ó sì ń so ó mọ́ ohun tí yóò di ṣúgà. Òṣìṣẹ́ àtijọ́ ni. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ìgbà tí ọ́síjìn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú afẹ́fẹ́ ayé, nítorí náà kò mọ bí a ti í ya ọ́síjìn sọ́tọ̀ kúrò lára kábọ́nì dáadáa. Lóde òní tí ọ́síjìn pọ̀ rẹpẹtẹ, tí kábọ́nì sì kéré, bí Rubisco bá na ọwọ́ ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó lè ṣi ọ́síjìn mú lẹ́ẹ̀kan. Òfò ni àṣìmú yìí. Ewé ní láti ná agbára kí ó tó tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe, apá kan nínú kábọ́nì tí ó ti kó jọ yóò sì tún bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí oòrùn bá ṣe ń mú sí i, bẹ́ẹ̀ ni àṣìmú ń pọ̀ sí i. Ní ilẹ̀ tí ooru ti ń mú bíi tiwa, ẹrù tí ó wúwo ni èyí jẹ́ lórí ìrẹsì, ẹ̀wà, iṣu àti ẹ̀gẹ́.

Báwo ni ayé ṣe mọ àṣírí ewé? Ní Yunifásítì California ní Amẹ́ríkà, Melvin Calvin pẹ̀lú Andrew Benson àti James Bassham tọ ipasẹ̀ kábọ́nì nínú àwọn ewéko wẹ́wẹ́ inú omi. Wọ́n rí i pé ohun àkọ́kọ́ tí ewéko náà ń ṣe ní ẹyọ kábọ́nì mẹ́ta nínú. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ ọ̀nà náà ní C3. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní ọ̀nà ẹlẹ́ta. Calvin gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1961, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ohun tí a rí nínú ewéko inú omi ni a ó rí nínú gbogbo ewé.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ni oko ìrèké bi ìrèké wọn léèrè. Ní erékùṣù Hawaii, Hugo Kortschak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ẹgbẹ́ àwọn olóko ìrèké gbà síṣẹ́, kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1965 pé ohun àkọ́kọ́ tí ìrèké ń ṣe ní ẹyọ kábọ́nì mẹ́rin, kì í ṣe mẹ́ta. Ní ìlú Brisbane ní Ọsitirélíà, Marshall Hatch àti Roger Slack, tí àwọn náà ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ṣúgà, gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà tuntun náà yé ayé ní ọdún 1966. Èyí ni C4, ọ̀nà ẹlẹ́rin. Mo bẹ òǹkàwé kí ó fi ìtàn yìí sọ́kàn: nítorí pé àwọn olóko ìrèké ná owó lórí ohun ọ̀gbìn tiwọn ni ìmọ̀ náà ṣe hàn síta. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni ọgbọ́n tí ó wà nínú ọ̀nà ẹlẹ́rin? Ẹ fojú inú wo agboolé kan tí ó kọjú sí ọjà. Bí baba agboolé tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa kí àjèjì káàbọ̀ bí ẹni pé ọmọ ilé ni. Ọlọ́gbọ́n ọmọ yóò gbé baba wọ ìyẹ̀wù, yóò sì fi ẹ̀ṣọ́ tí ojú rẹ̀ mú sí ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ewé àgbàdo ṣe. Ó fi òṣìṣẹ́ mìíràn, tí kì í ṣi ọ́síjìn mú, sí ìta. Òṣìṣẹ́ yìí ń di kábọ́nì mú, ó ń dì í sínú ẹrù ẹlẹ́yọ mẹ́rin, ó sì ń fi ẹrù náà ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó yí iṣan ewé ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ti í yí ọrùn ọwọ́ ká. Ibẹ̀ ni Rubisco wà. Nígbà tí a bá tú ẹrù náà níwájú rẹ̀, kábọ́nì yóò pọ̀ yí i ká tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní rí àyè ṣi ọ́síjìn mú.

Èrè rẹ̀ kò mọ ní ẹyọ kan. Ewé ẹlẹ́rin kò nílò láti ṣí ihò ara rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, nítorí náà omi tí ń sọnù kéré. Nínú ìdílé yìí ni àgbàdo, ọkà bàbà, jéró àti ìrèké wà. Èkan, koríko tí ń dá àgbẹ̀ lóró, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi ń yára borí ẹ̀gẹ́ àti ìrẹsì ní inú oòrùn gangan. Tẹ̀tẹ̀, ewébẹ̀ tí ń hù lórí ààtàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, jẹ́ ẹlẹ́rin bákan náà. Àwọn tí ń gbin ewébẹ̀ ní àfonífojì Kùmásí ń gbìn ín, alefu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Ohun tí ó yani lẹ́nu jù ni pé kì í ṣe láti ọwọ́ òbí kan ṣoṣo ni àwọn ewéko wọ̀nyí ti jogún ọgbọ́n náà. Tẹ̀tẹ̀ kì í ṣe ìbátan àgbàdo. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé ju ìgbà 60 lọ ni ọ̀nà ẹlẹ́rin ti ṣẹ̀dá ara rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín onírúurú ìdílé ewéko. Nínú ìdílé koríko, ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 30 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí kábọ́nì inú afẹ́fẹ́ lọ sílẹ̀, tí àṣìmú Rubisco sì wá di ìyọnu ńlá. Àwọn ohun èlò tí ọ̀nà náà ń lò ti wà nínú ewé ẹlẹ́ta tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ìṣòro ni ó sọ wọ́n di ohun tí a tò lọ́nà tuntun. Lónìí, nínú 100 irú ewéko, nǹkan bí 3 péré ni ó jẹ́ ẹlẹ́rin, síbẹ̀ wọ́n ń ṣe tó ìdá kan nínú mẹ́rin iṣẹ́ fọtosíńtẹ́sísì tí ewéko orí ilẹ̀ ń ṣe.

Ẹnìkan lè wí pé, nígbà náà, ẹlẹ́rin ni ọba. Rárá o. Ẹ̀ṣọ́ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ń gba owó iṣẹ́. Ewé ẹlẹ́rin ní láti ná agbára ìmọ́lẹ̀ sí i lórí gbogbo ẹrù tí ó bá gbé wọlé. Ní inú oòrùn líle, owó yìí kò tó nǹkan. Ní abẹ́ ìbòòji tàbí ní ibi tútù, gbèsè ni. Kòkó tí ó sọ ilẹ̀ Aṣante àti ilẹ̀ Yorùbá di olókìkí, ẹlẹ́ta ni, ó sì ń gbé ní àlàáfíà lábẹ́ igi ńlá. Ibi tí ewé ń gbé ni ó ń sọ ọ̀nà tí ó yẹ ẹ́.

Ọ̀nà kẹta ni mo fẹ́ràn jù láti sọ. Nígbà tí mo ń kàwé ní òkè òkun, olùkọ́ wa sọ ìtàn ewéko àjèjì kan fún wa, èyí tí ewé rẹ̀ máa ń kan ní òwúrọ̀, tí kì í sì í ní adùn kankan ní ọ̀sán. Ó ní ní ọdún 1813 ni Benjamin Heyne, onímọ̀ ewéko tí ó wà ní Íńdíà, kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ lẹ́yìn tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ ọ wò. Olùkọ́ náà ṣí àwòrán rẹ̀ hàn wá. Mo wò ó, mo tún un wò: àbámọdá ni! Àbámọdá tí ó wà lẹ́yìnkùlé ìyá mi, tí mo ti ń já ewé rẹ̀ ṣeré láti ìgbà èwe. Mo ti rìn gba orí òkun kọjá kí ẹlòmíràn tó sọ fún mi ohun tí ewé ẹ̀yìnkùlé wa ń ṣe ní òru.

Ohun tí ó ń ṣe nìyí. Àbámọdá, àti ọ̀dúndún tí ó jẹ́ ẹbí rẹ̀, máa ń pa ihò ara wọn dé ní ọ̀sán kí omi má baà gbẹ, wọn a sì ṣí i ní òru. Ní òru ni wọ́n ń kó kábọ́nì wọlé, tí wọ́n ń fi í pamọ́ bí omi kíkan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a tú u sílẹ̀, wọn a sì fi oòrùn se é. Ìdí nìyí tí ewé náà fi ń kan ní òwúrọ̀. Ọ̀pẹ̀-òyìnbó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ìdílé àbámọdá ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, orúkọ ìdílé rẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ fi pe ọ̀nà náà. Ewéko afòru-kó-ẹrù kì í yára dàgbà, ṣùgbọ́n ọ̀dá kì í tètè pa á.

Nísinsìnyí, kí ni èyí kan àgbẹ̀? Ìrẹsì, tí ìdajì aráyé ń jẹ, tí àwa náà sì ń ná owó púpọ̀ lé lórí láti òkè òkun, jẹ́ ẹlẹ́ta. Àwọn onímọ̀ bi ara wọn léèrè pé: bí ewéko bá ti lè yí ọ̀nà rẹ̀ padà ní ìgbà 60 fúnra rẹ̀, ṣé ènìyàn kò lè ran ìrẹsì lọ́wọ́ kí ó yí i padà lẹ́ẹ̀kan? Ní ọdún 2008, iṣẹ́ ìwádìí ńlá bẹ̀rẹ̀ lórí èyí láti Ilé-Ìwádìí Ìrẹsì Àgbáyé ní Filipínì; lẹ́yìn náà ni Jane Langdale ti Yunifásítì Oxford wá ń darí rẹ̀. Wọ́n ti gbé àbùdá àgbàdo sínú ìrẹsì. Ṣùgbọ́n kò tó kí a gba ẹ̀ṣọ́ síṣẹ́. A ní láti tún agboolé kọ́, kí a yí bí iṣan àti sẹ́ẹ̀lì ewé ti tò padà. Títí di ìsinsìnyí, ìrẹsì kò tíì di ẹlẹ́rin.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tí ó kúrú jù. Ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn Stephen Long wo bí ewé ti ń ṣe nígbà tí ìkùùkuu bá bo oòrùn. Ewé tí ó wà nínú oòrùn líle ń da ìmọ́lẹ̀ tí ó pọ̀jù nù kí ó má baà jóná. Bí òjìji bá dé, ó ṣì ń dà á nù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, bí ẹni tí oòrùn ti wọ̀ tí kò rántí pa agboòrùn rẹ̀ dé. Wọ́n kọ́ ewé tábà láti tètè pa agboòrùn dé, ní ọdún 2016 wọ́n sì kéde pé ó fi nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 tóbi jù ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní 2019, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn la ọ̀nà àbùjá fún àtúnṣe àṣìmú Rubisco, tábà sì fi nǹkan bí ìdá 40 pọ̀ sí i. Ní 2022, wọ́n ròyìn ẹ̀wà sóyà tí èso èyí tí ó dára jù nínú rẹ̀ fi ìdá 33 pọ̀ sí i nínú oko ọdún kan. Ní ọdún kejì, ìjì wó oko náà lulẹ̀, àbájáde rẹ̀ kò sì hàn kedere bíi ti àkọ́kọ́. Ẹ̀wà tiwa àti ẹ̀gẹ́ wà lára ohun ọ̀gbìn tí iṣẹ́ náà ń wá ire fún.

Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n kí a má ṣe ká ọwọ́ gbera. Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní Ayigya, kí a gba ọ̀nà Àkírà tí ó kọjá níwájú yunifásítì. Kò pẹ́ tí a ó fi dé Fumesua, níbi tí Ilé-Ìwádìí Ohun Ọ̀gbìn ti ilẹ̀ Gánà wà. Ilé-iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú IITA ti Ìbàdàn àti ilé-ìwádìí àgbàdo tí ó wà ní Mẹ́síkò, ni ó gbé àgbàdo Obatanpa jáde ní ọdún 1992. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Twi ni ìyá rere tí ń tọ́mọ, nítorí pé èròjà tí ń mú ara ọmọ dàgbà nínú rẹ̀ dára ju ti àgbàdo lásán lọ. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn ti tọrọ irúgbìn rẹ̀ gbìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Monty Jones, ọmọ Sàró, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Côte d'Ivoire, so ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀ mọ́ ti Éṣíà láti bí NERICA. Ó sì gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 2004. Obatanpa ṣì jẹ́ ẹlẹ́rin, NERICA ṣì jẹ́ ẹlẹ́ta. Kò sí ẹni tí ó yí ọ̀nà ewé wọn padà. Sùúrù àti irúgbìn yíyàn ni, láti ọwọ́ àwọn tí ó mọ ohun tí àgbẹ̀ ilẹ̀ wọn ń fẹ́.

Àkókò kò sì dúró dè wá. Ní ọdún 1958, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wọn kábọ́nì inú afẹ́fẹ́ ní Hawaii, ó jẹ́ nǹkan bí 315 nínú mílíọ̀nù kan. Lónìí ó ti ju 420 lọ. Ẹnìkan lè rò pé ire ni fún ẹlẹ́ta, nítorí pé Rubisco yóò rí kábọ́nì mú. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru tí ó bá a wá ń mú kí Rubisco ṣìnà sí i, a sì ti rí i pé ìrẹsì tí a gbìn sínú kábọ́nì púpọ̀ ń dín ní èròjà irin àti síǹkì. Ìkòkò lè kún, kí ara ọmọ má sì gbà tó.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí a padà sórí ìtàn ìrèké. Àwọn olóko ìrèké ni ó ná owó sórí ìrèké. Ta ni yóò ná owó sórí iṣu? Ta ni yóò bi ẹ̀wà, ẹ̀gẹ́ àti tẹ̀tẹ̀ léèrè ohun tí ewé wọn ń ṣe nígbà tí ọ̀yẹ́ bá ń fẹ́ àti nígbà tí oòrùn oṣù kẹta bá ń jó? Ní IITA ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, irú ẹ̀wà tí a kó pamọ́ ju 15,000 lọ. Láàárín wọn lè wà èyí tí ewé rẹ̀ ń fara da ooru ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò wa. Ìjọba tí ó bá ń sọ̀rọ̀ òmìnira, tí kò sì ń fún ilé-ìwádìí rẹ̀ ní owó, ẹnu lásán ni ó fi gba òmìnira náà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe dúró de owó ìjọba kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ewé àgbàdo àti ewé ẹ̀gẹ́ wọ kíláàsì. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá ní awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ẹ fi abẹ rẹ́ wọn pẹlẹbẹ, kí àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó yí iṣan àgbàdo ká, tí kò sì sí lára ẹ̀gẹ́. Ẹ já ewé àbámọdá kan ní òwúrọ̀, ẹ tún já òmíràn ní ọ̀sán; ẹ fi orí ahọ́n kan omi wọn, kí ẹ sì tu ú dànù, ẹ má ṣe gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi àwọn ọmọ léèrè ìdí tí ọ̀kan fi kan tí èkejì kò fi kan. Ọmọ tí ó bá mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí kí ó tó kúrò ní abúlé rẹ̀, kò ní dúró di ìgbà tí ó bá dé òkè òkun kí ó tó mọ ohun tí ń bẹ lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀.